Fọ́tò ọkọ̀ ojú irin àti ẹ̀rọ àtijọ́: níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ọmọ Móníyà

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Ọ̀rọ̀ mi lè dà bí ọ̀rọ̀ ẹni tí kò rí nǹkan ṣe, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i.

Oníṣẹ́ iná ni mí, Móníyà n'Ìbàdàn ni mò ń gbé. Láti ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin tuntun ti bẹ̀rẹ̀ sí í ná Èkó sí Ìbàdàn lọ́dún 2021 ni ọ̀rọ̀ ẹ̀ ti wọ̀ mí lẹ́jẹ̀ẹ́. Ibi yòówù tí mo bá ti ń so wáyà, bí mo bá ti gbọ́ fèrè ẹ̀, mo ti ju pílíásì sílẹ̀ nìyẹn. Ìyàwó mi ní ká ní obìnrin ni ọkọ̀ yìí ni, òun ì bá ti lọ bá a jà. Ìyá mi tiẹ̀ ń bi mí bóyá wọ́n fi nǹkan sà sí mi ni.

Mo wá fẹ́ máa ya fọ́tò wọn dáadáa. Mo ti ra kámẹ́rà Canon 600D tòkúnbọ̀ kan, lẹ́ńsì 18-55 ló bá a wá. Fóònù náà wà. Bí ọkọ̀ bá dúró, fọ́tò mi máa ń mọ́lẹ̀ kedere. Àmọ́ bó bá ti ń sáré bọ̀ báyìí, ojú ẹ̀ á ti rú. Tí mo bá sì fi fóònù yà á láti ẹ̀gbẹ́, ńṣe ni ọkọ̀ náà máa ń dagẹ̀rẹ̀, àfi bí ẹni pé atẹ́gùn fẹ́ gbé e ṣubú. Kí ló ń fa ìyẹn?

Ìkejì, ẹ̀ṣọ́ kan dá mi dúró ní ibùdókọ̀ kan tí mi ò ní dárúkọ. Ó ní kí n pa gbogbo fọ́tò inú kámẹ́rà rẹ́, títí kan ti ìsọmọlórúkọ ọmọ àbúrò mi. Báwo lẹ̀yin ṣe ń ṣe é tí wọn kì í fi í yọ yín lẹ́nu?

Ìkẹta, kì í ṣe ọkọ̀ tuntun nìkan ló wù mí. Àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ náà ń fà mí: orí rélùwéè tó ti dípẹtà, ẹ̀rọ ìlọta, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ohunkóhun tó bá ṣáà ti ní irin tó ń yí. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ọmọ Lókò (Keighley)

Ọmọ mi, bá mi kí ìyá ẹ. Sọ fún wọn pé àwa tí wọ́n fi nǹkan yìí sà sí pọ̀ láyé, a ò sì wá ìwòsàn.

Fítà ni bàbá mi ní Lókò, ibi tí wọ́n ti ń tún orí rélùwéè ṣe l'Èbúté Mẹ́tta. Inú ọgbà rélùwéè ni mo dàgbà sí. Fèrè tí wọ́n fi ń pe òṣìṣẹ́ wọlé ni aago ilé wa. Nígbà tí mo dé ìlú Òyìnbó, bọ́ọ̀sì ni mo wà ní Bradford títí mo fi fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n Keighley ni mo ralé sí nítorí ojú irin kan tó gbéra níbẹ̀ lọ sí Oxenhope. Kò gùn, bíi máìlì márùn-ún ni. Wọ́n ti pa á tì lọ́dún 1962, àmọ́ àwọn aráàlú kóra jọ, wọ́n rà á, wọ́n sì ṣí i padà lọ́dún 1968. Ọkọ̀ eléèédú ṣì ń ná an dòní olónìí.

Ó yá, ká mú ti eré. Yí róbótó tó wà lórí kámẹ́rà ẹ sí Tv. Ìyẹn á jẹ́ kó o fúnra ẹ mú iye àkókò tí kámẹ́rà fi máa lajú. Fún ọkọ̀ tuntun tó ń fò bọ̀, mú 1/1000 ìṣẹ́jú-àáyá. Fún ti àtijọ́ tó ń rọra fà, 1/500 tó. Bó bá ní ìmọ́lẹ̀ ò tó, gbé ISO, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń yára gba ìmọ́lẹ̀ tó, sókè dé 800 tàbí 1600, má sì bẹ̀rù wínníwínní bí eruku tó máa hàn nínú fọ́tò. Fọ́tò tó ní eruku sàn ju èyí tó rú lọ. Lẹ́yìn náà, má jẹ́ kí kámẹ́rà máa wá ojú ọkọ̀ nígbà tó bá ti dé tán, kò ní í bá a. Mú òpó kan tàbí òkúta kan lẹ́bàá ojú irin níbi tó o mọ̀ pé ọkọ̀ á kàn, fojú kámẹ́rà sùn ún, kó o wá sún bọ́tìnnì ẹ̀gbẹ́ lẹ́ńsì láti AF (kámẹ́rà fúnra ẹ̀ ló ń wá ojú nǹkan) sí MF (ìwọ lò ń fọwọ́ mú un). Ó parí. Bí imú ọkọ̀ bá ti kan òpó náà, tẹ̀ ẹ́, kó o dì í mọ́lẹ̀ kó máa yà á léraléra.

Bó o bá fẹ́ kí eré náà hàn, ṣe òdì kejì: 1/60, dúró ní ẹ̀gbẹ́, kó o máa fi ìbàdí yí tẹ̀lé ọkọ̀ kó o tó tẹ̀ ẹ́, kó o má sì dúró lẹ́yìn tó o bá tẹ̀ ẹ́ tán. Ọkọ̀ á mọ́, igbó ẹ̀yìn ẹ̀ á sì máa ṣàn. Èyí tó máa bàjẹ́ á pọ̀ ju èyí tó máa dára lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún gbogbo wa.

Ti fóònù tó ń dagẹ̀rẹ̀, ojú fóònù kì í rí gbogbo nǹkan lẹ́ẹ̀kan náà. Ìlà ìlà ló ń kà á, láti òkè wá sísàlẹ̀. Kó tó ka ìlà ìsàlẹ̀ tán, ọkọ̀ ti kúrò níbi tó wà nígbà tó ka ìlà òkè. Kúrò ní ẹ̀gbẹ́ gan-an, bọ́ sí ọ̀kánkán díẹ̀ kí iwájú ọkọ̀ àti ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ jọ hàn, tàbí kó o jìnnà sí i. Ìyẹn náà ló dára jù fún ìmọ́lẹ̀: kí oòrùn wà lẹ́yìn ẹ, kó máa tàn sí imú ọkọ̀ àti ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ papọ̀. Mi ò fẹ́ràn fọ́tò ọkọ̀ tí wọ́n yà lábẹ́ kùrukùru. Irin fẹ́ oòrùn.

Kí n sọ̀rọ̀ nípa àwọ̀ dúdú. Kámẹ́rà ò mọ̀ pé dúdú ni wọ́n kun orí rélùwéè. Ó rò pé òkùnkùn ni, á bá ẹ tan ìmọ́lẹ̀ sí i, dúdú á di eérú, ojú ọ̀run á sì funfun báláú. Fà á wálẹ̀ sí ìyọkúrò kan lórí òṣùwọ̀n tó wà nínú ojú kámẹ́rà, kó o wò ó.

O lè má rí eléèédú yà nílé báyìí, àmọ́ torí pé ó ń jẹ mí lẹ́nu, mo fẹ́ sọ ọ́. Funfun gbùgbù tí ẹ̀ ń rí nínú fọ́tò àwọn Òyìnbó yẹn, èéfín kọ́. Ooru omi ni, òtútù ló ń sọ ọ́ di ìkuukùu. Nínú oòrùn ó máa ń poora kó tó kúrò lórí símínì. Ìdí nìyẹn tá a fi ń jáde lóṣù kìíní ọdún, tí yìnyín ń dà, tí àwọn ará ilé wa ń bi wá bóyá orí wa pé. Ibi òkè la sì máa ń dúró sí. Láti Keighley lọ sí Oxenhope, gbogbo ọ̀nà ló ń gun òkè, ẹ́ńjìnnì ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó ń tú ooru. Bó bá ń padà bọ̀, yíyọ́ ló ń yọ́ bọ̀, kò sí nǹkan tó o máa yà.

Èyí tó ká mi lára jù: kọ nọ́ńbà sílẹ̀. Lára gbogbo orí rélùwéè, iléeṣẹ́ tó ṣe é máa ń kan páànù kékeré kan mọ́ ọn, orúkọ wọn, nọ́ńbà àti ọdún á wà níbẹ̀. Ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé rélùwéè tó wà ní York, ẹ́ńjìnnì gàgàrà kan wà tó ti ṣiṣẹ́ ní Ṣáínà, KF7 ni wọ́n ń pè é. Ọdún 1935 ni Vulcan Foundry ṣe é ní Newton-le-Willows, láàárín Manchester sí Liverpool. Inú ilé iṣẹ́ yẹn náà ni River Class tiwa ti jáde láti 1948: kẹ̀kẹ́ kékeré méjì níwájú, ńlá mẹ́jọ láàárín, kékeré méjì lẹ́yìn. Èédú Enugu ni wọ́n ń jẹ. Àwọn Ìlà Oòrùn Áfíríkà rí i, wọ́n ní kí wọ́n wo ti Nàìjíríà ṣe tàwọn náà. Orúkọ River yẹn ò kúrò lẹ́nu bàbá mi títí wọ́n fi lọ.

Fọ́tò wọn kan wà lọ́wọ́ mi. Ọkùnrin méje ló dúró níwájú orí rélùwéè kan, bàbá mi ni ẹnì kejì láti apá òsì, sípánà wà lọ́wọ́ wọn. Ẹni tó yà á tò wọ́n débi pé fìlà ẹnì kan bo nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì náà pátápátá. Mo yí ẹ̀yìn ẹ̀ wò, "Àwa rèé lọ́jọ́ Kérésì" ni wọ́n kọ síbẹ̀. Kérésì ọdún wo? Ẹ́ńjìnnì wo? Ta ni àwọn mẹ́fà yòókù? Mo ti fi han àwọn àgbààgbà tó mọ̀ nípa ẹ́ńjìnnì, wọ́n fi kẹ̀kẹ́ ẹ̀ mọ̀ pé ó jọ River, ibẹ̀ ló sì dúró sí.

Torí náà, bó o bá ya ọkọ̀ tán, ya nọ́ńbà ẹ̀ lọ́tọ̀. Ya orúkọ ibùdókọ̀. Bi awakọ̀ léèrè orúkọ, bó bá gbà kó o kọ ọ́, kọ ọ́.

Àbẹ̀kẹ́ Láfẹ́nwá (Abẹ́òkúta)

Ẹ kú àlàyé o, bàbá. Ẹ̀kọ́ ńlá ni, ṣùgbọ́n lórí ọ̀rọ̀ oòrùn, n ò bá yín lọ.

Oòrùn bó ṣe máa ń ràn nílé níbí, láàárín aago mẹ́wàá sí mẹ́rin, orí ló máa ń dúró sí. Ìdajì ẹ̀rọ á funfun, ìdajì tó kù á dúdú bí ìkòkò, ẹ ò ní í rí bóòtù kan ṣoṣo. Ní tèmi, ọjọ́ tí òjò ṣú ni mò ń jáde. Tọkọtaya ará Jámánì kan wà, Bernd àti Hilla Becher, tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún ayé wọn ya táǹkì omi, iná ìléru ìyọ́rin àti àwọn òpó ìwakùsà. Ìgbà tí ojú ọ̀run bá ṣú nìkan ni wọ́n ń yà á. Wọ́n á dúró ní ọ̀kánkán gbọnrangandan, kò sí ọ̀bẹ̀rẹ̀, kò sí òjìji. Ẹ wo fọ́tò wọn, gbogbo ìṣó ló hàn. Ẹ̀rọ tó dúró lójú kan ò nílò oòrùn. Ó nílò kéèyàn rí i.

Àbúrò mi Móníyà, iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni tèmi. Káàdì ìgbéyàwó, rìsíìtì, ìwé ìsìnkú, gbogbo ẹ̀ la ń tẹ̀. Nínú ṣọ́ọ̀bù wa, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé Kord kan wà àti Heidelberg àtijọ́ oní-apá, èyí tí apá ẹ̀ méjì máa ń yí tó ń gbé bébà kọ̀ọ̀kan wọlé. Kò tẹ lẹ́tà mọ́, nọ́ńbà rìsíìtì ló kù tá a fi ń tẹ̀, a sì ń fi í gé bébà. Tó o bá fẹ́ rí irú wọn lọ́pọ̀, Ṣómólú l'Ékòó ni kó o lọ. Àdúgbò odindi ló jẹ́, ariwo wọn ni wàá kọ́kọ́ gbọ́. Níbí, Ẹ̀gbá ń yangàn pé ọ̀dọ̀ wa ni Townsend ti tẹ Ìwé Ìròyìn lọ́dún 1859, àmọ́ fọ́tò ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó ń ṣiṣẹ́ lónìí, Ṣómólú ló ni ín.

Bí wàá ṣe yà á rèé. Gbé kámẹ́rà sórí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Pa iná gọ́lọ́bù inú ṣọ́ọ̀bù, ṣí fèrèsé, jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ kan wọlé. Mú 1/4 ìṣẹ́jú-àáyá. Ara ẹ̀rọ ò ní í mì, á mọ́ kedere, àmọ́ apá méjèèjì á yí di ìkuukùu. Mo fẹ́ràn ìyẹn ju kí gbogbo ẹ̀ dúró gbagidi lọ. Ẹ̀rọ tó dúró gbagidi nínú fọ́tò, èèyàn ò mọ̀ bóyá ó ṣì ń ṣiṣẹ́ tàbí wọ́n ti fẹ́ tà á fún àwọn oníkọ̀ǹdẹ̀mù.

Àwọn oníkọ̀ǹdẹ̀mù yẹn gan-an ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Bó o bá gbé kámẹ́rà wọ ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà tàbí ibi ìlọta, èrò àkọ́kọ́ wọn ni pé o wá wo irin tí o máa rà. Èrò ìkejì ni pé ìjọba ìbílẹ̀ ló rán ẹ wá gba owó. Má yọ kámẹ́rà nígbà àkọ́kọ́. Gbé àgbàdo tìẹ lọ kí wọ́n bá ẹ lọ̀ ọ́. Kí wọn pé ẹ kú iṣẹ́, jókòó, bi ìyá tó ni ẹ̀rọ léèrè ọdún tí wọ́n rà á àti iye ìgbà tí wọ́n ti pààrọ̀ ọlọ ẹ̀. Wàá rí i, àwọn fúnra wọn á ní "ṣé o ò ní í ya wá ni?" Lẹ́yìn náà, tẹ fọ́tò náà jáde, gbé e padà fún wọn. Fífi ránṣẹ́ sórí WhatsApp kò tó. Fọ́tò tí mo tẹ̀ fún ìyá kan nítòsí ọjà Láfẹ́nwá wà lára ògiri ibi ìlọta wọn báyìí, gbogbo oníbàárà ni wọ́n ń fi hàn, ibi méjì ni wọ́n sì ti pè mí nítorí ẹ̀.

Ti ọkọ̀ ojú irin l'Abẹ́òkúta níbí, má lọ sí ibùdókọ̀ tuntun nìkan. Sọ̀kalẹ̀ wá sí Láfẹ́nwá. Afárá irin tí wọ́n gbé gba orí odò Ògùn ṣì wà níbẹ̀ láti ìgbà tí ojú irin àkọ́kọ́ ti ń ti Ìddó bọ̀ lọ́nà Ìbàdàn, èyí tó wọ Ìbàdàn lọ́dún 1901. Etí odò ni kó o dúró sí láàárọ̀, má gun orí afárá.

Gáàdì Àná

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin méjèèjì. Ẹ jẹ́ kí èmi tí mo ti fi àsíá àwọ̀ ewé pe ọkọ̀ jáde rí sọ tèmi.

Ọkọ̀ àtijọ́ máa ń ké kó tó dé. Fàkàfìkì ẹ̀ nìkan, o ti gbọ́ ọ láti máìlì kan. Tuntun yìí ò rí bẹ́ẹ̀. Ojú irin ẹ̀ kò ní oríkèé tó ń lu kẹ̀kẹ́, ó ń yọ́ bọ̀ ni. Ọ̀nà méjì ló sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn láti Èkó dé Ìbàdàn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ya fọ́tò, ibi tí wàhálà wà nìyẹn: o dojú kọ èyí tó ń bọ̀ lápá ọ̀tún, ariwo ẹ̀ ń kún etí ẹ, òmíràn ti ń bọ̀ lẹ́yìn ẹ lójú irin kejì. Ọkọ̀ ojú irin ò lè yà fún ẹ, bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì kò ní í dúró níbi tó ti rí ẹ. Wáyà tí wọ́n fi ṣe ọgbà yẹn, ìta ẹ̀ ni ipò ẹni tó ń ya fọ́tò.

L'Ékòó, èyí tó ń ná Marina sí Mile 2 tún lágbára jù. Iná mànàmáná ló ń fà á, irin kẹta tó wà nísàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin ni iná náà ń gbà. Oníṣẹ́ iná ni ẹ́, n ò ní láti là á yé ẹ.

Ibi tó dára tí kò sì léwu pọ̀. Nígbà tí wọ́n ń ṣe Red Line tó ń ná Agbádó sí Ọyìngbò, wọ́n kọ́ afárá mọ́tò gba orí ojú irin ní Ìkẹjà, Múṣin, Yábàá àti Ọyìngbò. Dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ẹlẹ́sẹ̀ ń gbà, wo ìsàlẹ̀: ojú irin tóóró ti àtijọ́ àti gbòòrò ti tuntun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ti àtijọ́, mílímítà 1,067 ni àárín ẹ̀. Ti tuntun, 1,435. Nínú fọ́tò kan ṣoṣo, wàá rí ìyàtọ̀.

Nípa ẹ̀ṣọ́ tó dá ẹ dúró: inú ibùdókọ̀, ilé onílé ni. Lọ bá ọ̀gá ibùdókọ̀ kó o tó yọ nǹkankan. Kọ lẹ́tà, fi ẹ̀dà káàdì ìdánimọ̀ ẹ sí i, sọ ọjọ́ àti ibi tó o fẹ́ dúró sí. Tí wọ́n bá fọwọ́ sí i, mú un dání. Má lo fíláàṣì sí ojú awakọ̀ láé, ojú ẹ̀ á ṣókùnkùn fúngbà díẹ̀, èrò sì wà lẹ́yìn ẹ̀. Má fi kámẹ́rà pamọ́ sábẹ́ aṣọ bí olè. Ẹ̀ṣọ́ tó bá rí ẹ tó ò ń sá ni yóò lé ẹ.

Tó o bá fẹ́ wo àwọn ohun àtijọ́, inú ọgbà rélùwéè ní Èbúté Mẹ́tta, Jaekel House wà níbẹ̀. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n kọ́ lọ́dún 1898, tí wọ́n tún ṣe lọ́dún 2010, wọ́n sì fi fọ́tò àti irinṣẹ́ rélùwéè sínú ẹ̀. Ibẹ̀ náà gba àṣẹ.

Ìyá ẹ tí wọ́n ní wọ́n fi nǹkan sà sí ẹ, wọn ò jìnnà sí òótọ́ jù. Nígbà tiwa, àwọn awakọ̀ kan wà tí wọn ò ní í gun ẹ́ńjìnnì láìkí Ògún. Ẹni tó bá ń tẹjú mọ́ irin, Ògún lọ̀rẹ́ ẹ̀.

Ọmọ Lókò (Keighley)

Gáàdì, ẹ ṣeun gan-an. Ọ̀rọ̀ lẹ́tà yẹn ṣe pàtàkì ju bí àwọn ọmọdé ṣe rò lọ. Ará Amẹ́ríkà kan wà, O. Winston Link, tó ya àwọn ọkọ̀ eléèédú tó gbẹ̀yìn lójú irin Norfolk and Western láàárín 1955 sí 1960. Òru ló ń yà wọ́n, pẹ̀lú fíláàṣì rẹpẹtẹ tó ń tàn lẹ́ẹ̀kan náà. Ó kọ́kọ́ lọ bá iléeṣẹ́ náà, wọ́n fọwọ́ sí i, àwọn òṣìṣẹ́ wọn gan-an ló ń bá a ṣètò àkókò. Bí kò bá gba àṣẹ, ta ló máa jẹ́ kó fi iná tó tó bẹ́ẹ̀ yìn sójú awakọ̀ lóru?

Ti Ògún tẹ́ ẹ wí, ẹ wo Kúbà. Lọ́dún 1837 ni wọ́n ti ní ọkọ̀ ojú irin, láti Havana sí Bejucal, kó tó di pé Sípéènì tó ń jọba lé wọn lórí ní tiẹ̀. Ṣúgà ló ń gbé, àwọn ẹrú ló sì ń gé ìrèké, àwọn èèyàn wa wà nínú wọn. Ìyẹn ni pé ọmọ Yorùbá ti mọ fèrè rélùwéè lókè òkun ní ohun tó ju ọgọ́ta ọdún lọ kí ọkọ̀ tó wọ Ìbàdàn. Títí dòní, àwọn olórìṣà ibẹ̀ máa ń gbé ẹbọ Ògún lọ sí ẹ̀gbẹ́ ojú irin. Àwọn ọkọ̀ eléèédú inú oko ìrèké wọn, tí ọ̀pọ̀ jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ Baldwin ti Philadelphia, ṣì ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ti Òyìnbó ti di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Àwọn ẹgbẹ́ wa níbí ń wọ ọkọ̀ òfurufú lọ yà wọ́n. Èmi ò lọ. Owó ilé ìwé àwọn ọmọ ò jẹ́, ó sì ń dùn mí.

Àbẹ̀kẹ́, ọ̀rọ̀ kùrukùru: fún ẹ̀rọ inú ṣọ́ọ̀bù, mo gbà fún ẹ. Fún ọkọ̀ tó ń lọ, n ò gbà.

Ọmọ Móníyà

Ẹ̀yin àgbà, mo dọ̀bálẹ̀. Mo ti gbìyànjú ọgbọ́n òpó àti MF lọ́sàn-án yìí, láti ìta ọgbà. Imú ọkọ̀ mọ́ débi pé mo ka nọ́ńbà ẹ̀. Àmọ́ àkọlé oníná tó wà níwájú ẹ̀, ìdajì lẹ́tà ò hàn nínú fọ́tò, bẹ́ẹ̀ ojú mi rí gbogbo ẹ̀. Ìkejì, ọyẹ́ ti ń wọlé bọ̀, ṣé kí n gbé kámẹ́rà sílé títí yóò fi lọ? Ìkẹta, wọ́n fi lẹ́ńsì 55-250 tòkúnbọ̀ kan lọ̀ mí n'Ìbàdàn níbí. Ṣé kí n rà á?

Àbẹ̀kẹ́ Láfẹ́nwá (Abẹ́òkúta)

Má gbé e sílé o! Àsìkò ọyẹ́ ni oòrùn àárọ̀ máa ń pọ́n bí epo, tí èèyàn sì lè tẹjú kámẹ́rà mọ́ ọn kó má fọ́ ọ lójú. Ọkọ̀ tó tan iná iwájú jáde látinú ọyẹ́ ní nǹkan bí aago méje, o ò nílò oòrùn bàbá mọ́. Ṣùgbọ́n má pààrọ̀ lẹ́ńsì níta. Inú yàrá tí fèrèsé ẹ̀ wà ní títì ni kó o ti ṣe é, kó o dojú kámẹ́rà délẹ̀. Nínú ọ̀rá ni kó máa wà nínú báàgì. Má fi ẹnu fẹ́ eruku ara gíláàsì, itọ́ á bá a lọ. Ra róbà tí wọ́n ń fún tó ń tú afẹ́fẹ́.

Ọmọ Lókò (Keighley)

Ti àkọlé oníná: iná yẹn kì í tàn dúró, ńṣe ló ń tàn tó ń kú kíákíá ju ohun tí ojú lè rí lọ. 1/1000 ń ká a mọ́ ibi tó ti kú. Bí ọkọ̀ bá dúró ní ibùdókọ̀, tí o sì ti gbàṣẹ, sọ̀kalẹ̀ sí 1/125 tàbí 1/60, gbogbo lẹ́tà á pé. Fún èyí tó ń sáré, mú ọ̀kan: ọkọ̀ tó mọ́ tàbí àkọlé tó pé. Èmi á mú ọkọ̀.

Lẹ́ńsì 55-250, rà á. Òun ló máa jẹ́ kó o lè dúró síta ọgbà bí Gáàdì ṣe wí, kí ọkọ̀ ṣì kún ojú fọ́tò. Àmọ́ nínú ọyẹ́, má na an jù. Bí ọkọ̀ bá ṣe jìnnà tó ni eruku á ṣe pọ̀ tó láàárín ẹ̀yin méjèèjì, 250 kò sì lè lé eruku lọ. Kó o tó sanwó, yọ ìdérí iwájú àti tẹ̀yìn, gbé e sókè sí oòrùn, fi iná fóònù tàn án láti ẹ̀gbẹ́. Yí òrùka ẹ̀ kó o gbọ́ bóyá yanrìn ń ké nínú ẹ̀. Fi í sórí kámẹ́rà ẹ, wò ó bóyá AF ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní 55 àti ní 250. Bí èbu bá ti wà nínú gíláàsì ẹ̀, dá a padà, kódà bí wọ́n bá ní àwọn á bá ẹ dín owó ẹ̀ kù dé ìdajì.